Fíìmù tí Màmá Ń Fi Etí Wò

Ẹ̀yin ẹbí wa, ẹ̀yin ará Ibido, ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ láti Òde Rẹ́mọ àti Akaka wá bá wa jókòó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá.

Èmi ni Ìtùnúolúwa, ọmọ Adétóun, ọmọ-ọmọ Bàbá Lásúnkànmí tí a fẹ́ sin lọ́la. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ torí pé tí mo bá ń sọ ọ́ látorí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, màá sì dákẹ́. Inú sì ti ń bí mi láti àárọ̀. Màámi jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ní tí a bá ti sin Bàbá tán, Màmá àgbà, ìyàwó Bàbá, ń bá àwọn lọ sí Èkó, wọ́n á fi ayálégbé sínú ilé yìí, ológbò á sì lọ sí oko ní Akaka. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo wá sọ. Ẹ jẹ́ kí n tò ó débẹ̀.

Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní Bàbá jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wo nìyẹn? Bàbá tí mo bá gbé, alágídí ni wọ́n. Alágídí tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Gbànja ni Bàbá ń tà, gbogbo yín lẹ mọ̀. Sábó ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn Hausa tó ń kó o lọ sókè Ọya. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Hausa, ibẹ̀ náà ni fíìmù Íńdíà ti wọ̀ wọ́n lára. Fíìmù tí wọ́n ń wò ní Sábó, wọ́n ti fi ohùn Hausa bo ohùn àwọn ará Íńdíà mọ́lẹ̀. Bàbá ò mọ̀. Ohun tí wọ́n gbà ni pé Hausa ni wọ́n ń sọ ní Íńdíà. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ṣé ilé ìwé tí mo sá kúrò ni wọ́n ti kọ́ mi.

Ẹ wá gbọ́. Ará Íńdíà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin lẹ́bàá oríta márosẹ̀ wá ra ọsàn ládùúgbò wa lọ́jọ́ kan. Bàbá bá dúró tì í. Wọ́n fi Hausa kí i. Wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀, wọ́n bi í léèrè òjò, wọ́n bi í bí ọ̀nà ṣe rí. Ọkùnrin yẹn kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Bàbá wálé, wọ́n jókòó ti Màmá, wọ́n pe orúkọ wọn, wọ́n ní, "Moríyọ̀, ọmọ yẹn ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi. Ó ti gbàgbé èdè bàbá ẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n di gbànja sínú ewé, wọ́n ní kí n wá a lọ sí ilé iṣẹ́ irin, kó má baà rò pé kò lẹ́nìkan. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n rán. Oòrùn ọjọ́ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ.

Ojú Màmá ti fọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Màmá ò ríran, Màmá ò sì gbọ́ Hausa, ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tí Bàbá wò tí Màmá ò bá wọn wò. Tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, Bàbá á ti fíláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fa àga wọn mọ́ ti Màmá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. "Ọmọge náà ti jáde. Aṣọ pupa ló wọ̀. Ó ń sunkún, àmọ́ ẹkún ẹ̀tàn ni." Màmá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ." Bàbá á ní ìyá ẹ̀ ti kú. Màmá á ní òkú ìyá náà ló kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Èmi á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí mo ti ń bó gbànja, màá máa pòṣé. Ẹ má dá òṣé mi lóhùn o, mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Nínú fíìmù Bàbá, ẹni rere kì í kú. Wọ́n lè yìnbọn lu ọkùnrin kan níwájú mi báyìí, kí ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀, Bàbá á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ sùn díẹ̀.

Ológbò wa náà á sì wà níbẹ̀. Alákòóbá lorúkọ ẹ̀. Torí èkúté tó wà nínú yàrá gbànja ni Bàbá ṣe gbà á. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Tiwa ò re àjò kankan, èkúté ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹja Ìyá Sàdíátù, aládùúgbò wa, ló mọ̀ ọ́n pa. Ìyá Sàdíátù á gbé ìkòkò òfìfo dúró síwájú Bàbá, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín." Bàbá á ní, "Ọmọ mi kọ́, àna mi ni. Ta ló ń bá àna jà?" Lẹ́yìn náà wọ́n á rán mi lọ ra ẹja míì. Kò sí bí a ó ti ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ìgbà tó yá, Ìyá Sàdíátù fúnra wọn ń se ti ológbò mọ́ tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, ó fò lé rìmóòtù. Fíìmù ìgbéyàwó yí padà di ìròyìn. Awò ojú Bàbá kò sí nítòsí, wọ́n kàn ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìyàwó ti bọ́ aṣọ ìgbéyàwó, ó ti wọ kóòtù. Ó jókòó sídìí tábìlì. Ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ló ń sọ." Màmá dẹ etí sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Bàbá Adétóun, ṣé ológbò yẹn ò ti tẹ nǹkan?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi da igbá gbànja nù. Bàbá ní bí fíìmù náà ṣe rí nìyẹn. Wọn ò gbà títí wọ́n fi kú.

Ọjọ́ tí wọ́n kú náà, fíìmù ni wọ́n ń sọ. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ tí Màmá ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Wọ́n tún un sọ. "Bàbá Adétóun, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mi ò gbọ́ ohùn Bàbá. Mo wọlé. Mo wo ojú Bàbá, mo fọwọ́ kàn wọ́n, mo sì mọ̀. Mo ní, "Màmá, Bàbá sùn lọ." Màmá ní:

"Ìtùnú, sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá ẹ nìkan ló láṣẹ àtipurọ́ fún mi."

Mo ní Bàbá ti kú.

Màmá na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ Bàbá rí, wọ́n dì í mú. Mo fẹ́ sáré jáde lọ pe èèyàn. Wọ́n ní kí n jókòó, pé fíìmù yẹn ò tíì tán, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo jókòó. Mi ò gbọ́ Hausa, ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Mo ní wọ́n ń rìn lọ lórí òkè. Mo ní ọkùnrin náà ṣubú, ó ti kú. Mo ní ìyàwó ń dá rìn bọ̀, òjò ń pa á. Màmá á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ìgbà tó parí ni wọ́n ní kí n lọ pe Ìyá Sàdíátù. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ìdí tí a kò fi tètè ké jáde, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè mọ́.

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Èmi ò sunkún Bàbá púpọ̀. Màmá ni mò ń sunkún.

Màámi, ẹ má bínú sí mi láàárín èrò. Ẹ sọ fún mi lánàá nílé ìdáná pé ẹni tó ní òun máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò, pé èmi tí n ò lè tọ́jú ara mi, ṣé èmi ni màá tọ́jú afọ́jú? Òótọ́ wà níbẹ̀. N kì í tètè jí. Mo máa ń fajú ro. Mo sá kúrò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Nínú ilé yìí, Màmá ń dá lọ sídìí kànga, wọ́n ń dá dáná, wọ́n mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Ilé òkè ni ẹ̀ ń gbé l'Ékòó. Kùtùkùtù ni gbogbo yín ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó wọlé. Ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀? Níbí, Màmá kì í ṣe afọ́jú. Èkó ni wọ́n ti máa di afọ́jú.

Tó bá jẹ́ ilé ìwé ni ẹ fẹ́, mo máa padà lọ, níbí ní Ṣàgámù. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, ẹ gbá mi mú. Ìyá Sàdíátù ní àwọn á máa wo Màmá títí màá fi dé. Tí mo bá dé, màá sọ fíìmù, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ má dá mi lóhùn, Màámi. Màmá wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn, opó ni wọ́n, wọn ò lè jáde wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ wọlé lọ bá wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ gbé. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, gbogbo wa la ti ń sọ ọ̀rọ̀ wọn. Kò tíì sí ẹni tó bi wọ́n.

Bàbá, ó yá, ẹ máa lọ. Kí ọ̀nà yín dán, kí ẹsẹ̀ yín má kọ. Ẹ má bojú wẹ̀yìn nítorí àwa tó kù. Bí Màmá bá dúró, mo dúró. Bí wọ́n bá gbé wọn lọ, ọkọ̀ tó gbé wọn ló máa gbé èmi náà. Mo ti gbà wọ́n lọ́wọ́ yín. Ẹ sùn ire.