Ọwọ́ Ìyàwó Wa Kò Burú

Ìyàwó, gbé abọ́ omi yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ẹ sún mọ́ ibùsùn mi. Èémí tó kù fún mi kò pọ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Olúwa kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn tí bàbá yín kú, Ìyàwó, ìyá yín yìí, gbẹ́ adágún ẹja kékeré kan sẹ́yìnkùlé. Ó wá bá mi, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja wo ni kí n kó sí i?" Mo ní, "Èpìyà ni. Kì í yan oúnjẹ, fúnra rẹ̀ ni yóò máa pamọ." Òótọ́ ni. Ejò náà kò ṣáà parọ́ tán fún Éfà. Ohun tí mo gbé mì ni pé bí èpìyà bá dá wà, wọn a pamọ títí wọn a fi há ara wọn mọ́, kò sì ní sí èyí tó máa tóbi. Bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, ọmọ àrọ̀ mélòó kan là ń kó tì wọ́n, kí ó máa jẹ èyí tó bá pọ̀ jù. Ìlara ni, ẹ má bá mi pè é lórúkọ mìíràn. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn ẹ̀rín ẹnu ìyá yín jù.

Ó tilẹ̀ tún béèrè: "Wọ́n ní kí n fi àrọ̀ díẹ̀ sí i ńkọ́?" Mo ní, "Ta ní ń fi ológbò ṣọ́ ẹja?" Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹnu àrọ̀ tó fẹ̀ bí àpò yẹn náà!"

Ọjọ́ tí a fa omi adágún náà gbẹ láti kó ẹja, ẹja kún àwọ̀n bámú, kò sí èyí tó ju ìka mi lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á yí ọkọ̀ padà. Ìyàwó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi ni kò dára. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kan ló fà á. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì."

Èyí tó burú jù rèé: mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ó ṣe "Àmín" tomijé-tomijé. Ó dí adágún náà pa.

Ìyàwó wa, ọwọ́ tí o bú yẹn ló ń wẹ̀ mí láràárọ̀. Kò burú rí. Ẹnu mi ló burú. Tún adágún rẹ gbẹ́. Gbogbo àrọ̀ inú tèmi, tìrẹ ni. Má sunkún mọ́. Jẹ́ ká tún àdúrà ọjọ́ yẹn gbà, ṣùgbọ́n lónìí, ọwọ́ tìrẹ ni kí o gbé lé mi lórí.