Ohùn Tí Mi Ò Tètè Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Ajángbádì, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ẹ jẹ́ kí n bì í jáde lónìí. Èmi Kamaldeen, ádímíìnì wásáàpù àdúgbò, ni mo fọ́ ojú Mùtíù fọkanáísà. N ò gbé igi o. Fóònù ni mo gbé dání.

Lọ́jọ́ tí ọmọ kan sọnù, Alàgbà Ọlátúnjí, alága àwọn onílé, fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù pé Mùtíù ló jí i gbé. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró, ayálégbé Alàgbà, kọ̀wé sí èmi nìkan: "Bùọ̀dá Kamaldeen, irọ́ ni. Àtàárọ̀ ni Mùtíù ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohùn yẹn rẹ́, ẹ má dárúkọ mi." Ilé-iṣẹ́ tó ni wásáàpù gan-an kì í rí ohun tá à ń sọ níbẹ̀, èmi àti Alàgbà nìkan la lè pa á rẹ́. Kí n kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni. Àmọ́ ta ni mí tí màá pa ọ̀rọ̀ àgbàlagbà rẹ́ láì tọrọ àyè? Mo pe Alàgbà. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o pa á rẹ́?" Mo dárúkọ Àwẹ̀ró. Ẹ wo ẹnu mi.

Wọ́n bínú, wọ́n bá mi wí títí. Ká tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé pákó dé ọ̀dọ̀ Mùtíù. Ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ la rí ọmọ náà nílé àǹtí rẹ̀ ní Navy Town. Kí oṣù tó parí, Alàgbà ti ní kí wọ́n kó ẹrù Àwẹ̀ró síta.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀, mo fi ohùn náà pa mọ́ sórí fóònù mi kejì, mo wá pa á rẹ́ ní gúrúùpù. Àwọn ọlọ́pàá bi mí pé ta ló fi ránṣẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, àṣírí àwọn èèyàn ni, òfin ò gbà mí láyè láti tú u." Èmi tí mo ti tú ti Àwẹ̀ró fún onílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ lẹ táyà. Mùtíù ń fi ìka wá ibi tó lu lára tíúbù, torí ojú kan ò tó o. Ó ní, "Ádímíìnì, ẹ ṣé o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pa ohùn yẹn rẹ́ nítorí tèmi."

Lọ́la, màá gbé ohùn náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró kọ ò ní bá a lọ, àyàfi tóun fúnra rẹ̀ bá ní kó lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ kọ́kọ́ pa irú ẹ̀ rẹ́ ná, kẹ́ ẹ tó lọ bẹ àgbà. Mùtíù, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Dárí jì mí, tó o bá lè ṣe é.