Omi Tí Ìyá Mi Gbà Láti Dà Nù

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kí Olúwa kí n tó kí yín, nítorí òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó gbọ́ ọ níbi tí èmi tí mò ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kò ti gbọ́ ọ. Pásítọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní àyè. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má pẹ́. N ó gbìyànjú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Ọmọ Kambolé ni mí, aránṣọ ni mí ní Kouloundè níbí, ẹ sì mọ àìsàn tó ń ṣe mí: kásíkáàdì. Bí mo bá ti gbọ́ pé omi kan ń já láti orí àpáta níbì kan, mi ò ní sùn dáadáa títí n ó fi lọ wò ó. Alédjo ló ti mú mi, níbi tí ọ̀nà ti la àárín àpáta kọjá. Ọmọdé ni mí nígbà náà, gbogbo èrò inú mọ́tò ń sùn, èmi nìkan ni mo yọ orí síta tí mò ń wo òkúta. Láti ìgbà náà mo ti dé Kpalimé, mo ti dé Badou. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, ojú ni mo fi kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé omi tó bá ń já sórí àpáta pẹrẹsẹ máa ń fọ́n ká bí ìyẹ̀fun, èyí tó bá ń já sínú ihò jíjìn sì máa ń dún bí ìlẹ̀kùn ńlá tí atẹ́gùn ń gbá. Mo mọ̀ pé níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ òde ni ewé àti igi tó ń léfòó máa ń lọ kó jọ sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ di ìyẹn mú fún mi, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Nígbà tí òjò ọdún yìí ń parí lọ, ìyá mi wá kí mi láti Kambolé. Mo ní n ó mú wọn lọ wo omi kan tó wà nínú igbó orí òkè, ní ọ̀nà Fazao. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé tí a fẹ́ lọ, bídọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè kan ni wọ́n gbé jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ta òróró.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi bídọ́ọ̀nù ṣe?"

"Ṣé kì í ṣe ibi omi la ń lọ ni?"

"A fẹ́ lọ wò ó ni."

"Ìwọ wò ó. Èmi ó pọn ún."

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Kambolé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ti sọ pé irọ́ ni mò ń pa, pé omi kì í já láti orí òkúta. Òun ni ìyá mi fẹ́ bu omi náà lọ fún.

Bùrọ́dà Etienne bá wa lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, káfíńtà wa tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú akọrin. Ó wo ìyá mi, ó wo èmi tí mo fa okùn kọ́ èjìká. Okùn ọ̀rá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń so màlúù, mi kì í lọ síbi àpáta láìmú un dání. Etienne ní, "Ìyá gbé bídọ́ọ̀nù, Tántí gbé okùn. Ṣé kànga la fẹ́ lọ gbẹ́ ni?"

Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà gbé ẹnu, ẹrù tìẹ ló sì wúwo jù."

Ní abúlé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Isifu ló mú wa wọ igbó. Kotokoli ni, Faransé díẹ̀díẹ̀ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tutù, igi ga débi pé oòrùn ń kán sílẹ̀ lójú kan, lójú kan. A kọ́kọ́ gbọ́ omi náà kí a tó rí i. Lẹ́yìn náà ni a yọ sí i lójijì, funfun gbòò láti òkè, ó ń já sínú ihò, ó sì gba ọ̀gbun tóóró kan jáde, àpáta dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún àti lósì bí ògiri.

Ìyá mi fi ọwọ́ sí ìbàdí. Obìnrin tó jẹ́ pé ní ìgbà èwe rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, á jí ṣáájú àkùkọ lọ jókòó ti kànga, á máa dúró kí omi sun. Wọ́n wo omi náà títí. Wọ́n ní, "Ta ló gbàgbé láti ti rọ́bínẹ̀ ẹ̀rọ omi yìí?"

Etienne rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó dára. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà láàárín odò, ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí òṣùmàrè nínú ìfófó omi náà. A tẹ òkúta kéékèèké débẹ̀, èmi àti ìyá mi. Isifu àti Etienne padà sí etí odò nísàlẹ̀, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n lọ dáná iṣu. Ìyá mi pọn omi kún bídọ́ọ̀nù, wọ́n dé e pinpin, wọ́n jókòó tì í bí ẹni jókòó ti ọmọ. Oòrùn ń ràn. Inú mi dùn gan-an.

Ìgbà náà ni mo rí ewé tútù lójú omi. Ewé gbígbẹ kì í ṣe nǹkan kan, ojoojúmọ́ ló ń bọ́. Ewé tútù túmọ̀ sí pé òjò ńlá ti ń já wọn lórí igi, lókè níbi tí ojú wa kò dé. Kí n tó dìde, omi ti pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, òkúta tí a tẹ̀ wá kò sí mọ́.

Ìyá mi ò mọ̀ wẹ̀, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Omi ti ń lá etí àpáta tí a wà. Mo rí i pé Etienne la ẹnu, ohùn ńlá tí ẹ mọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo gbàdúrà. Ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Mo fi gbogbo ọ̀fun pe Jésù, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi kò jìnnà sí ẹnu mi, síbẹ̀ omi gba ọ̀rọ̀ náà láàárín wọn. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ti omi lọ. Mo ní, bí èmi ò bá gbọ́ ara mi, ta ni yóò gbọ́ mi? Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi rọ̀. Mo rántí pé Ẹni tó dá ariwo omi náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ariwo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè dí i létí. Mo dákẹ́ ariwo, mo kàn ń sọ ọ́ nínú.

Mo la ojú. Igi gbígbẹ kan ń léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo fi ojú tẹ̀ lé e. Ó sáré dé kọ́nà, omi tì í sí ẹ̀gbẹ́ òde, ó sì lọ gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ Isifu.

Ẹ̀yin ará, mo wo bídọ́ọ̀nù.

Mo fi ẹnu sí etí ìyá mi, mo ní, "Ìyá, ẹ da omi yìí nù. Òfìfo ló máa léfòó."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Wọ́n fi ẹnu sí etí tèmi náà. "Omi tí mo ti pọn?"

Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, omi ń bọ̀ wá gbé wa lọ, ìyá mi di bídọ́ọ̀nù mú. Mi ò lè bínú. Mo mọ ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìkòkò àkọ́kọ́ rù, wọn ò da omi tí wọ́n bá ti pọn nù rí. Bí kò bá ṣeé mu, á ṣeé fọ abọ́. Bí abọ́ bá mọ́, a ó bù ú sí ìdí igi. Mo tún sọ ọ́ sí wọn létí, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n di ojú. Wọ́n ṣí ìdérí. Mo rí ètè wọn bó ṣe ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń dà á: "Olúwa, tìrẹ ni. Gbà á."

A tún dé e pinpin. Mo so orí okùn kan mọ́ ọwọ́ bídọ́ọ̀nù, mo so èkejì mọ́ igi kan tó hù láti inú ojú lílà àpáta, mo sì jù ú sómi. Ó lọ tààrà bí igi yẹn ti lọ. Isifu fà á sókè, ó so okùn mọ́ ìdí igi ńlá kan, ó so bídọ́ọ̀nù mọ́ àyà, ó sì di okùn mú, ó fa ara rẹ̀ wá bá wa. Mo fi ìró mi so ìyá mi kọ́ okùn náà, wọ́n gbá bídọ́ọ̀nù mọ́ra, Isifu wà lẹ́yìn wọn, omi fúnra rẹ̀ ló sì tì wọ́n gúnlẹ̀. Isifu padà wá mú mi. Etienne ló na ọwọ́ fà mí sókè, ẹkún ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí a jókòó tán, a wo ẹ̀yìn, omi ti bo àpáta yẹn, orí igi kékeré náà nìkan ló ń mì lókè.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi á ní irọ́ ni mo pa."

Etienne dìde. Ó gbé bídọ́ọ̀nù, ó ní kí Isifu fi omi tó mọ́ han òun. Isifu mú un lọ síbi ìsun kékeré kan tó ń kán láti ara àpáta. Etienne dúró níbẹ̀ títí bídọ́ọ̀nù fi kún, ó sì rù ú sórí títí a fi dé abúlé. Mo ní kí n gbà á, kò fún mi.

Ìdajì omi náà ti lọ sí Kambolé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mu ún, ó ní omi lásán ni, ó sì ní kí wọ́n tún bu díẹ̀ sí i fún òun. Ìdajì yòókù nìyí níwájú yín, ìyá mi ló jókòó tì í yẹn. A ti sè é, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ bá mi yọ̀, nítorí ẹni tó yẹ kí ẹ máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ló dúró níbí tó ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ògo ni fún Olúwa, ẹni tí ariwo kò dí létí. Bí a bá ti ṣe ìsìn tán, kí olúkúlùkù mú ife wá. Ìyá mi ní kí n sọ ọ́ ketekete: ẹ mu ún tán o, kí ẹnikẹ́ni má da ìyókù nù.