Mo Pe Ọmọ Mi Ní Dókítà Ojú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè pariwo rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ mí. Aránṣọ ni mí. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, fọ́tò kan ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lára ògiri: Fúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, nínú aṣọ pupa gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń gboyè ọ̀mọ̀wé. Ta ni yóò bí irú rẹ̀ tí kò ní yangàn? Èmi ń yangàn o! Oníbàárà tí kò bá béèrè ẹni tó wà nínú fọ́tò náà, èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà, bí ìyá arúgbó kan láti Àsin, ìlú kékeré kan nítòsí wa, bá wọlé, tó fi ojú kan ṣoṣo wo fọ́tò náà, tó sì ń gbàdúrà fún ọmọ mi, ṣe ni abẹ́rẹ́ máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo mọ ohun tó ṣe ojú kejì.

Ní àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú wa, Fúnkẹ́ ti wà ní ìlú òyìnbó. Ó ti gboyè àkọ́kọ́ níbí nínú ìmọ̀ nípa bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́hùn-ún kó lè tẹ̀ síwájú. Mo bi í lórí fóònù pé kí ló ń kọ́ gan-an. Ó ní, "Màmi, kọ̀ǹpútà lè ya àwòrán ayé kan tí yóò dà bíi pé ẹ wà nínú rẹ̀, tí ẹ ó máa rí ilé, tí ẹ ó máa rí ọ̀nà. Bí ojú wa ṣe ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí wa tó nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni à ń wádìí." Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣàlàyé. Ó yé mi o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó yé mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìpàdé. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ lọ́yà ní Àbújá sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ títí, ó wá yíjú sí mi: "Ìyá Fúnkẹ́, tiyín ńkọ́? Kí ló ń kọ́ lọ́hùn-ún tí kò tán?" Kí ni ǹ bá wí? Kí n ní ọmọ mi ń wo bí ènìyàn ṣe ń rìn nínú àwòrán? Ọ̀rọ̀ náà yọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Dókítà ojú ni." Gbogbo wọn kí mi. Wọ́n ní ìyà opó tí mo jẹ kò já sí asán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Dókítà, mo sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mọ òwe náà. Mo máa ń fi í bá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wí.

Ìròyìn dé Àsin. Ìyá Ọláyẹmí, àgbẹ̀ tí mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà ọmọge mi, bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ojú ń dun òun, pé bí òun bá wo àtùpà, òṣùmàrè ló ń yí i ká. Ọláyẹmí ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Ìyá kọ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Wọ́n ní ọmọ rẹ ń bọ̀ ní Kérésì. Èmi ò ní jẹ́ kí àjèjì fi irin kàn mí lójú. Ọmọ tiwa ni yóò wò ó." Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ! "Ìyá, ẹ má dúró." Ṣé ìyẹn ṣòro ni? Ṣùgbọ́n obìnrin méjì láti ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀, wọ́n ń dán aṣọ wò. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Ìyá, kò ní pẹ́ dé." Oṣù mẹ́rin ló kù kí Kérésì dé. Oṣù mẹ́rin ni obìnrin náà fi jókòó sílé tí ojú ń bàjẹ́ lọ.

Fúnkẹ́ dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Kérésì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó jẹun tán, ènìyàn ti kún iwájú ilé wa. Wọ́n gbé bàbá kan wá láti Ìrèlé lórí ọ̀kadà. Ìyá Ọláyẹmí náà ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́. Fúnkẹ́ wò wọ́n, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà náà, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń wo ojú sàn. Ìwé ni mò ń kà nípa bí ojú ṣe ń ríran. Àṣìgbọ́ ni." Àṣìgbọ́! Ó bo àṣírí mi. Wọ́n ní kò burú, aránṣọ ni ìyá rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ìyàtọ̀? Mo gbà kí wọ́n pè mí ní òpè.

Nígbà tí a wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. "Màmi, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ṣé iṣẹ́ mi ń tì yín lójú ni?"

Ì bá pariwo mọ́ mi, ì bá sàn. Kò pariwo. Ó nu ojú rẹ̀, ó jáde, ó pe takisí, ó sì bá Ìyá Ọláyẹmí lọ sí Adó lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà tó wò ó ní ojú òsì ti kú pátápátá. Pé bí wọ́n bá ti tètè mú un wá ni, bóyá ì bá má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyẹn ń ríran.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, Fúnkẹ́ tún padà wá, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání. Ó rí bí akoto ọlọ́kadà, wáyà ti ara rẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n kéékèèké méjì sì wà níbi tí ojú yóò wà. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ti ń fi dán an wò lọ́hùn-ún, òun fẹ́ mọ ti àwọn àgbẹ̀ tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Pápá ilé-ìwé ní Àsin la kọ́kọ́ lọ. Ó ri èèkàn mọ́lẹ̀. Ẹ ó wò ó dáadáa, wọn ó fi aṣọ dì yín lójú, ẹ ó sì rìn títí ẹ ó fi rò pé ẹ ti dé ìdí rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é! Àfi bí ẹni tí kò dijú rárá. Ìyá Ọláyẹmí ní òun náà yóò ṣe é. Fúnkẹ́ ń ṣiyèméjì nítorí ojú kan. Ìyá ní, "Ṣé ojú méjì ni mo fi ń mọ oko mi ni? Dì í fún mi jàre." Ó rìn, ó dúró, ó na ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan èèkàn. Pápá hó yèè!

Lẹ́yìn náà a wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, wọ́n gbé akoto náà lé mi lórí. Mo kígbe. Pápá ni mo rí, koríko, èèkàn, níbi tí mo mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ti wà tẹ́lẹ̀! Fúnkẹ́ ní kí n wò ó dáadáa. Ó pa àwòrán náà, gbogbo rẹ̀ ṣú, mo sì rìn títí mo fi rò pé mo ti dé. Mi ò tíì débẹ̀ rárá. Ó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé èmi nìkan ni mo gọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó kan èèkàn ní pápá, nígbà tí àwọn náà dé akoto, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dúró kí ó tó débẹ̀. Mo ní, "Fúnkẹ́, kí ló fà á?" Ó ní, "Màmi, ohun tí gbogbo wa ń wá nìyẹn. Àwọn kan ní ìwúwo akoto ni, àwọn kan ní bí àwòrán ṣe rí ni. Wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ yìí kọ́ àwọn tó ń wa bàálù. Bí ojú bá ń tan àwọn yẹn jẹ ńkọ́?" Ìyá Ọláyẹmí pàtẹ́wọ́, ó ní, "Uṣẹ́ ọmọ yìí mà dára o!" Mo wo ọmọ mi tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, tí àwọn àgbà yí i ká tí wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, orí mi wú. Iṣẹ́ tí mo fi pamọ́ rèé! Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí, mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀, mo sì ní kí ìyá lọ́yà dijú kó rìn lọ sídìí dùrù. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ṣùgbọ́n n kò sọ ìyókù. N kò sọ pé mo mọ̀. Wọ́n ṣì gbà pé àṣìgbọ́ ni. Fúnkẹ́ ti dárí jì mí, ó ní èyí tó kù, ọwọ́ mi ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ má fi orúkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn bo ti ọmọ yín mọ́lẹ̀. Bí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Bí ó bá yé yín, ẹ pè é bó ṣe ń jẹ́. Ìyá Ọláyẹmí ti darúgbó gan-an báyìí. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, ó lè máà fẹ́ rí mi mọ́, ó sì lè dá àdúrà tó ń gbà fún ọmọ mi dúró. Lánàá ó ránṣẹ́ sí mi pé iṣu tuntun ti jáde lóko òun, kí n wá gba tèmi. Mo ń lọ sí Àsin lọ́la. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ènìyàn mi: kí n kọ́kọ́ gba iṣu náà ni, tàbí kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀?