Èmi ni mo sọ pé Bọ́sẹ̀ ṣubú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Àwọn tó mọ̀ mí ní Jikwoyi yóò ti mọ̀ pé èmi ni kí wọ́n tó kà á dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti èṣí, mo sì rò pé yóò kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wá tún un sọ ní kóòtù lọ́jọ́ Túsìdé tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín ṣáájú.

Ọmọ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mí, opó ni mí, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níbí ní Àbújá. Èmi ni Ìyá Ẹgbẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹ mọ bó ṣe ń rí, òbí àwọn ìyàwó kéékèèké wà lọ́nà jíjìn, èmi ni mo di ìyá wọn. Bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya, ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó ń sá wá. Àṣà ẹgbẹ́ wa sì ni pé kò gbọdọ̀ sun ọ̀dọ̀ mi mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, n óò mú un padà, àwa méjèèjì óò kúnlẹ̀ níwájú ọkọ, n óò sì ní, "Ọkọ wa, ẹ bá wa gbà á, ọmọdé ló ń ṣe é." Bí ọkọ bá ti ní òun gbọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó na ẹni.

Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe o. Wọ́n máa ń yìn mí nípàdé pé kò sí ilé tó tú lójú mi rí.

Bọ́sẹ̀ wà lára àwọn tí mo mú padà. Dèjì ọkọ rẹ̀ ń ta àga ní Kugbo, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni lójú wa. Inú ẹrọ̀fọ̀ pàápàá, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Ìrètí. Lọ́jọ́ kan tí a kúnlẹ̀ fún Dèjì, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti imú Bọ́sẹ̀. Mo ní kó fọwọ́ dí i, kó má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé kan lásìkò òjò èṣí, Dèjì pè mí. Ó ní, "Mummy, ẹ gbà mí o! Aládùúgbò wa ti lọ report mi, àwọn ará ìjọba ti wà nílé mi." Aládùúgbò yẹn ni Màmá Háúwà, obìnrin Háúsá tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín yàrá tirẹ̀ àti tiwọn. Mo wọ kékè, mo sáré lọ.

Mo bá Bọ́sẹ̀ níjòókòó. Ẹnu rẹ̀ wú débi pé kò lè là á. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé. Obìnrin náà rọra bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ́sẹ̀ ò lè fọhùn. Ó yíjú sí mi. Kò bẹ̀ mí kí n bo ọkọ òun o. Mo mọ ojú tó fi wò mí. Ó fẹ́ kí n bá òun sọ ọ́.

Mo fi òyìnbó sọ fún wọn pé èmi ni ìyá rẹ̀. Mo ní ó gun àpótí láti mú ìkòkò lókè, ó yọ̀, ó sì fẹnu lulẹ̀. Obìnrin náà tún bi Bọ́sẹ̀ pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọ ohun tí mo sọ, wọ́n sì lọ.

Màmá Háúwà ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kai! Mama, God dey see you." Mo ní kó lọ mójú tó ilé tirẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ìyàwó wa kí wọ́n yé kí obìnrin náà.

Kí òjò ọdún náà tó dá, Dèjì fi igi ẹsẹ̀ àga gbá Bọ́sẹ̀ létí. Etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí dòní. Kò sá wá bá mi lọ́tẹ̀ yìí. Màmá Háúwà ló sá bá, òun àti ọmọ rẹ̀, láìwọ bàtà. Obìnrin náà ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ ní Kuje. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí orúkọ ìlú wa ni. Irọ́ ni. Ọkọ tèmi náà nà mí títí ó fi kú. Mo fara dà á, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn mi, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì rí tí wọ́n fi mí ṣe Ìyá Ẹgbẹ́. Nígbà tí mo rí i pé àwọn èèyàn jókòó ti Bọ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè, inú bí mi. Ta ló jókòó tì mí rí? Kí òun náà fara dà á, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ìlara ni, ẹ jọ̀ọ́. Mo jowú ọmọ tí wọ́n lù débi tí kò lè la ẹnu.

Ní báyìí, Dèjì ti lọ sí kóòtù pé kí wọ́n gba Ìrètí fún òun. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá bá mi. Wọ́n ní, "Mummy, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun la ní kí ẹ sọ. Èyí tí ẹ ti sọ náà ni." Bí mo bá tún un sọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ọmọ náà fún un. Mo gbọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbóhùn sókè, abẹ́ tábìlì lọmọ náà ń sá sí. Bí mo bá sì sọ òótọ́, mo di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó mi. Ẹgbẹ́ ló bá mi sin ọkọ mi. Mo ti fọkàn sí i pé àwọn náà ni yóò sin èmi.

Mo ti pinnu pé òótọ́ ni n óò sọ. Ó kéré tán, mo ti pinnu lónìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá rí ojú wọn ní kóòtù, ahọ́n mi lè tún yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn kan ni mo ń wá. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Bọ́sẹ̀ ní Kuje? Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Mi ò ní tíì sọ ọ́ tán tí yóò fi ní, "Mummy, ó ti tán," nítorí pé mo dàgbà jù ú lọ. Bí mi ò bá sì lọ, ẹ̀yìn Dèjì ni yóò ti rí mi ní kóòtù, àyà rẹ̀ á já. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

Bọ́sẹ̀, bó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́. Má ṣe dárí jì mí nítorí pé mo jẹ́ àgbà.