Bàtà Ẹsẹ̀ Àwọn Ṣọ́jà

Múnírù Àjàní, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọkọ mi, ló kú. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ ra aṣọ funfun tí a ó fi dì í, ní àdúgbò Brays Oaks lókè òkun níbí, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin Yorùbá méjì tó tò síwájú mi.

Èyí àgbà ní, “Ọmọ mi obìnrin ṣì wà ní Sudan. Mo ní kó fẹ́ ará Ìlọrin, ó ní Lárúbáwá lòun fẹ́. Ọ̀gágun méjì tó jọ gbàjọba níbẹ̀ ló wá kọjú ìjà síra wọn yìí.”

“Ṣé kò lè jáde ni, Mọ́mì?”

“Ó ti gbéra láàárọ̀. Àwọn tó gbébọn lójú ọ̀nà á dá mọ́tò dúró, wọ́n á ní, ‘Ọ̀gágun wo lẹ fẹ́?’ Ẹni tó bá dárúkọ èyí tí kì í ṣe tiwọn, ó gbé. Mo sọ fún un lórí fóònù pé, ‘Wo ẹsẹ̀ wọn kí o tó lanu. Tó bá jẹ́ bàtà ṣọ́jà, ti ìjọba ni. Tó bá jẹ́ sálúbàtà, ọlọ̀tẹ̀ ni.’”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Tí ọlọ̀tẹ̀ bá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ṣọ́jà tó pa, tó wọ̀ ọ́ ńkọ́?”

Ìyá náà tún wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

“N ò sọ ìyẹn fún un. Bí wọ́n ṣe dá mọ́tò wọn dúró, mo gbọ́ tó sálámà sí wọn. Fóònù wá gé.”

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n n kò lè béèrè orúkọ ọmọ yẹn. Ẹ̀rù bà mí kí n má lọ kà á mọ́ àwọn òkú mi. Ọjọ́ Ẹtì la sin Àjàní.