Ínǹṣì Mẹ́ta Tí Mo Jí Lára Rọ̀kíbátù

Ẹ dúró ná. Iṣẹ́olúwa, ìwọ tí o ń ṣe alága ètò, dá àmì ẹ̀yẹ yẹn padà sórí tábìlì, má tíì gbé e fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn mí, etí mi ti kún, inú sì ń bí mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí mi nínú. Èmi fúnra mi ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kò dà nínú mi, kò sì jáde. Lónìí, ó máa jáde, ní pápá yìí, níṣojú àwọn tí mo ṣẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi lọ lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ilé mi ò jìnnà síbí, màá fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí dáadáa, Adébọ̀dé ni mí. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ní Ṣómólú ni mo ti jẹun fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bí mo bá ti ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, pápá ilé-ìwé yìí ni mo máa ń wá, tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bàrígà ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ń pè mí ní Kóòṣì lónìí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ṣé orúkọ tí ẹ ń pè mí nígbà yẹn nìyẹn? Kóòṣì Ipò Kejì lẹ ń pè mí! Ẹ̀ẹ̀mẹrin la dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni àwọn ará Ìkòròdú lù wá bí ẹní lu bàrà. Bí mo bá lọ ra búrẹ́dì, àwọn ọmọ àná á máa ka ẹní, èjì sí mi léti, wọ́n á dúró sórí èjì, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń ṣe wá. A ò ní ẹni gíga. Bí mo bá kọ́ ọmọ tó ga, tó mọ bọ́ọ̀lù tán, wọ́n á ní Amẹ́ríkà ń pè é. Bí Níní, ọmọ gíga kan tí mo kọ́ ṣáájú, ṣe lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọ bàálù, kò pè mí rí, ì báà ṣe kó kí mi kú ọdún. Èmi ń gbìn, ẹlòmíràn ń kórè. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́, ó dùn mí wọ eegun.

Ìgbà náà ni Rọ̀kíbátù dé. Òun ló jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn, tó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀. Ọmọ Ràmọ́nù télọ̀ ni, Ràmọ́nù tó jókòó níwájú mi yìí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni lọ́dún náà, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó lé ínǹṣì méjì. Bọ́ọ̀lù tó bá ti fò sókè lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, tiẹ̀ ni. Mo wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní, Adébọ̀dé, ife rẹ ti dé.

Lóṣù kejì ọdún yẹn, Tabitha pè mí. Ọmọ Ọbáníkòró ni, èmi náà ni mo kọ́ ọ kó tó lọ di igbákejì kóòṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ gbà mí o. Àwọn ọmọ gíga méjì tí mo ní ń parí ẹ̀kọ́ wọn lọ́dún yìí. Àwọn tó ń sáré, tó ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, wọ́n kún ọwọ́ mi, mi ò mọ ibi tí màá kó wọn sí. Ẹni tó máa dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni mi ò ní. Àyè kan péré ló kù, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ọdún mẹ́rin gbáko. Ṣùgbọ́n bí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lé méjì, ọ̀gá mi ò ní wo fídíò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kẹjọ ló sì gbọ́dọ̀ ti dé." Ó ní kí n lẹ téèpù mọ́ ògiri, kí ọmọ náà bọ́ bàtà, kó dúró tì í, kí a yà á ní fídíò, ká fi èyí tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kún un.

Oṣù kẹjọ! Oṣù kọkànlá sì ni ìdíje ife wa. Àwọn ọmọ méje ni mo ní, mẹ́fà nínú wọn ò ga ju èjìká mi lọ. Bí Rọ̀kíbátù bá lọ, ipò kejì pàápàá á sá fún wa. Kó má baà fura pé mo fẹ́ fi ọmọ pamọ́, mo dá Tabitha lóhùn pé ó ti parí, ọmọ wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lẹ téèpù mọ́ ògiri ẹ̀yìn yín yẹn. Ẹni tó ti gé bébà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà yẹn, tó jẹ́ pé bí ọ̀bẹ bá fi bíńtín yẹ̀, ojú ẹ̀ á rí i, ṣé ó lè ṣèèṣì lẹ téèpù? Kò sí èèṣì níbẹ̀. Ínǹṣì mẹ́ta sókè ilẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ téèpù yẹn. Mo wá gbé àpò bọ́ọ̀lù sí ìdí ògiri kó bo àyè tó ṣófo.

Bámilóyè ló ya fídíò, igbákejì mi. Bámilóyè, má dorí kodò, èmi ni mo rán ọ. Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀, ó ní, "Kóòṣì, téèpù yìí ò kanlẹ̀ o." Mo ní kó panu mọ́. Ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ mà ni, Kóòṣì." Mo ní, "Ṣé o fẹ́ gba ife lọ́dún yìí àbí o ò fẹ́?" Ó mí kanlẹ̀, ó gbé fóònù sókè. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ó lé ínǹṣì mọ́kànlá ni téèpù sọ. Rọ̀kíbátù yíjú wo nọ́ńbà náà, ó wò ó títí, ó ní, "Kóòṣì, ṣé èèyàn tún máa ń kúrú ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ yẹn! Mo ń sọ fún ara mi pé tí a bá ti gba ife tán, màá pe Tabitha, màá ní mo ṣì í wọ̀n ni. Irọ́ tí mo pa fún ara mi nìyẹn, kí n lè rójú pa èyí tó kù.

Mo sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kò ga tó fún àyè Amẹ́ríkà náà. Ní ilé wọn, Munirat ìyá rẹ̀ ní kó máa rọ̀ mọ́ irin ẹnu ọ̀nà láràárọ̀ kí ara rẹ̀ lè nà. Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ gbé téèpù kọ́rùn, ó wá bá mi. "Kóòṣì, ẹ má bínú o. Èmi ni mo ń rán ṣòkòtò ọmọ yìí. Mo mọ gígùn ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ọmọ yìí pé mẹ́fà lé méjì." Mo ní téèpù ẹ̀ ti nà, pé téèpù aṣọ máa ń nà. Ó lọ ra tuntun, ó padà wá, mẹ́fà lé méjì náà ló tún bá a. Ni mo bá ní, "Bàbá Rọ̀kí, ínǹṣì tiwa kọ́ ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Tiwọn gùn ju tiwa lọ." Ọkùnrin tó ti ń wọn èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún! Ó wo téèpù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Háà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Kóòṣì. Ẹ̀yin lẹ bá irin ìwọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé." Ó ká a, ó fi sápò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo là á lóye.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí? Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Tabitha tún pè. Inú ẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Kóòṣì, mo fi fídíò ọmọ yẹn han ọ̀gá mi, èyí tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ní bó ṣe ń fò yẹn, gíga ẹ̀ ò jọ òun lójú mọ́, òun máa mú un bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà bàbá ẹ̀ kí n bá a sọ̀rọ̀." Ẹ rí i? Wọ́n ti gbà á! Pẹ̀lú ínǹṣì mẹ́ta tí mo jí lára rẹ̀, wọ́n ṣì gbà á! Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì fún ọmọ yẹn àti fún èmi náà, kí n lè jáde nínú irọ́ mi láìjẹ́ pé ẹnì kankan mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ, kí n ka nọ́ńbà Ràmọ́nù fún un. Mo ti há nọ́ńbà náà sórí. Mo ní, "Tabitha, ó mà ṣe o. Bàbá ẹ̀ ti fi í fọ́kọ. O mọ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé." Ràmọ́nù, tó ń gba ọmọ rẹ̀ níyànjú láràárọ̀ pé kó kàwé! Mo mọ̀ pé Tabitha máa gbà á gbọ́, nítorí orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́ àti ẹ̀sìn bàbá ẹ̀. Ohun tí mo fi pa á nìyẹn. Tabitha kẹ́dùn, ó ní Ọlọ́run á bi bàbá náà léèrè. Mo ṣe àmín.

A gba ife. Òun ló wà lórí tábìlì yẹn, tí ẹ fi òdòdó sí lọ́rùn. Rọ̀kíbátù ju bọ́ọ̀lù mọ́kànlá sápẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé mi sókè lórí ọwọ́, mo ń sunkún, ẹ rò pé ayọ̀ ni. Ṣé mo wá pe Tabitha? Mi ò pè é. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn dí àyè náà. Rọ̀kíbátù wá bá mi, ó ní òun fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní, "Kóòṣì, mo ga jù fún ọkọ, mo kúrú jù fún bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n lọ máa bá bàbá mi dá ihò bọ́tìnnì." Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ ẹ̀yìn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n agbádá ránṣẹ́ sí Ràmọ́nù lórí fóònù. Ràmọ́nù rántí ohun tí mo sọ, pé ínǹṣì wọn gùn ju tiwa lọ, ó fi kún gbogbo ẹ̀. Nígbà tí aṣọ dé ọ̀hún, èèyàn méjì lè gbà á. Wọ́n dá a padà. Níbi ìpàdé àwọn télọ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi dà lójú wọn. Wọ́n bi í pé ta ló sọ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò dárúkọ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó rọra ní, "Kóòṣì, wọ́n ní ínǹṣì kan náà ni kárí ayé o." Mo kọjú sí i, mo ní, "Ṣé ẹ ń pè mí ní onírọ́ ni?" Ràmọ́nù dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí o! Ó ní, "Rárá o, Kóòṣì. Ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣì."

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí, ẹ má pè é ní ìgboyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tabitha gbọ́ pé ẹ fẹ́ yẹ́ mi sí, ó pè láti kí mi. Ó ní, "Kóòṣì, ọmọ tí bàbá ẹ̀ fi fọ́kọ yẹn ńkọ́? Ó ti bí mélòó báyìí?" Mo ní, "Méjì." Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ! Mo bí ọmọ méjì fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò tíì mọ ọkùnrin. Mo pa fóònù. Mo lọ bá pásítọ̀ wa ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mi ò tíì sọ ju "mo ti ṣẹ̀" lọ tó fi ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Ràmọ́nù lọ́jọ́ tó wá wọ̀n mí fún aṣọ tí mo wọ̀ yìí. Ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀, pé àyà mi ń lọ sókè-sódò, ìwọ̀n ò ní jóòótọ́. Ẹ wo aṣọ náà bó ṣe bá mi mu. Ṣé ọwọ́ tó ń ṣì nìyí?

Láàárọ̀ yìí, mo pe Tabitha, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Ó ti di ọmọ ọdún méjìlélógún báyìí, Kóòṣì. Àyè wo lẹ fẹ́ kí n wá fún un?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù káàkiri Bàrígà, ẹ gbọ́ mi. Bí wọ́n bá wá mú èyí tó dára jù nínú ọmọ yín, ẹ sunkún bí ó bá dùn yín, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Kó lọ, kó má pè yín mọ́ títí ayé, ó sàn ju kó dúró tì yín kó máa tẹ ẹ̀yìn. Munirat, ẹ forí jì mí. Rọ̀kíbátù, mi ò lè ní kí o forí jì mí lónìí, ojú ń tì mí.

Ṣáájú àsìkò yìí ni mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ orúkọ mi sára ògiri yẹn. Ẹ má kọ ọ́. Ẹ yíjú padà wò ó. Àmì gọ́ọ̀mù téèpù náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kùn ún ní ọ̀dà, ó tún ń yọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò kanlẹ̀. Bàbá Rọ̀kí, ẹ má sunkún, ẹ dákun, ẹ dìde. Téèpù wà lọ́rùn yín, kì í kúrò níbẹ̀, kò sì parọ́ rí. Rọ̀kíbátù, bọ́ bàtà rẹ, lọ dúró ti ògiri. Na ẹ̀yìn rẹ. Nà án dáadáa, ọmọ mi. Iṣẹ́olúwa, gba míìkì yìí lọ́wọ́ mi, gbé e fún Bàbá Rọ̀kí. Láti ilẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, sà. Ẹ kà á sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́.